Ojú Àpá Kì Í Jọ Ojú Ara: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Ẹwà àti Ohun Tó Yẹ Ká Retí Nínú Rẹ̀

 

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí mo parí ètò wa lórí rédíò, obìnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mẹ́rin ló ti bí, aṣọ ló ń tà. Ó mú tẹlifóònù rẹ̀ jáde, ó fi fọ́tò olórin kan hàn mí: ikùn pẹlẹbẹ, ìdí rogodo. Ó ní, "Ìyá nọ́ọ̀sì, irú èyí ni mo fẹ́. Ẹnìkan wà lọ́jà tó ní òun máa gún mi lábẹ́rẹ́, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Owó àjọ mi á bọ́ sí mi lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n lọ?"

Mi ò bá a jà, mi ò sì bú u. Obìnrin tó fẹ́ kí ara òun dùn ún wò kò dẹ́ṣẹ̀. Mo ní kó jókòó, mo sì sọ ìtàn fún un. Ìtàn yẹn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ẹni tó bá mọ ibi tí iṣẹ́ abẹ ẹwà ti bẹ̀rẹ̀, tó mọ ibi tó ti ṣe dáadáa àti ibi tó ti ṣìnà, á mọ ohun tó lè retí nínú rẹ̀, á sì mọ ohun tí kò yẹ kó retí.

Abẹ kì í ṣe àjèjì sí wa

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Àwọn ìyá wa àgbà tó kọlà mọ olóòlà dáadáa. Wọ́n ń kọlà kí wọ́n lè dá ọmọ ilé mọ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ fún ẹwà pẹ̀lú. Olóòlà tó mọṣẹ́ kì í gé jinlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì mọ̀ pé awọ ara ènìyàn kò rí bákan náà. Ti ẹlòmíràn á jinná, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti ẹlòmíràn á wú, á le bí okùn. Ohun táwọn àgbà fi ojú ara wọn rí ni wọ́n fi pa á lówe pé ojú àpá kì í jọ ojú ara.

Ẹ fi òwe yẹn sọ́kàn, torí òun la máa bá rìn dé òpin. Títí dòní, kò sí dókítà kan láyé tó tíì borí rẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ lè fi àpá pamọ́ síbi tí ojú kò ní tètè rí i. Kò lè pa á rẹ́.

Imú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀

Ní ilẹ̀ Íńdíà láyé àtijọ́, gígé imú jẹ́ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ènìyàn. Ẹ rò ó wò: ẹni tí kò nímú, báwo ló ṣe máa jókòó ti ọjà rẹ̀? Ta ló máa wá rà? Ìdí nìyẹn táwọn oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ fi wá ọgbọ́n. Ìwé ìṣègùn àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi orúkọ Sushruta pè, ó ti lé ní 1,500 ọdún dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n á mú ewé, wọ́n á fi wọn ojú imú tó gé, wọ́n á wá gé awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀n ewé náà. Wọn ò ní gé awọ yẹn kúrò pátápátá o. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan ṣì so mọ́ ara kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dé ibẹ̀, torí pé ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, kíkú ló máa kú. Nígbà tó yá, awọ iwájú orí ni wọ́n wá ń lò.

Ní Bologna, ní Ítálì, dókítà kan tó ń jẹ́ Gaspare Tagliacozzi gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1597. Awọ apá ló ń lò. Wọ́n á ṣí awọ apá díẹ̀, wọ́n á rán an mọ́ imú, wọ́n á sì di apá náà mọ́ orí aláìsàn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí awọ tuntun tó mú. Kí ènìyàn gbé apá sórí bí ẹni ru igbá, tọ̀sán-tòru, láìsí oògùn gidi tó ń pa ìrora! Síbẹ̀ wọ́n gbà á.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1794, ìwé ìròyìn Gentleman's Magazine ní London gbé ìtàn ọkùnrin ará Íńdíà kan jáde, Cowasjee lorúkọ rẹ̀. Ó ń da màlúù fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ogun Tipu Sultan mú un, wọ́n gé imú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ kan. Oníṣẹ́ abẹ kan nítòsí ìlú Poona fi awọ iwájú orí rẹ̀ ṣe imú tuntun fún un. Dókítà Joseph Carpue ní London gbọ́ nípa ọgbọ́n yìí. Kò sáré bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dán an wò lára òkú kó tó fọwọ́ kan ẹni tó wà láàyè, ìyẹn ní 1814.

Kí ni gbogbo àwọn tó lọ gba imú wọ̀nyí ń wá? Imú tí wọ́n á gbé jáde láìjẹ́ pé gbogbo ojú ń wò wọ́n ni wọ́n ń wá. Wọn ò ní kí wọ́n sọ wọ́n di ẹlòmíràn. Tagliacozzi fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ìtura ọkàn aláìsàn ló jẹ òun lógún ju pé kí ojú aráyé rí ohun tó wù ú lọ. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti wá nìyẹn: dídá ohun tó sọnù padà, níwọ̀n tó bá ara ẹni mu.

Nígbà tí ìrora dínkù, àṣejù wọlé

Tẹ́lẹ̀, ìrora àti egbò kíkẹ̀ ló ń dènà. Kò sẹ́ni tó máa gbà kí wọ́n gé òun lójú láìjẹ́ pé ó di dandan. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹwàá 1846, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà fi hàn gbangba pé oògùn ether lè kun ènìyàn lóorun kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ní 1867, Joseph Lister ní Scotland kọ ọ́ jáde bí wọ́n ṣe lè fi oògùn pa kòkòrò tó ń mú egbò kẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹni tí ara rẹ̀ pé náà lè dé ọ̀dọ̀ dókítà kó ní òun fẹ́ àyípadà.

Ní Berlin, ní 1898, dókítà Jacques Joseph dín imú ọkùnrin kan kù. Imú náà kò ṣàìsàn, ó kàn tóbi ni. Ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ pọ̀ débi pé ọkùnrin náà kì í fẹ́ jáde láàárín ènìyàn mọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ó padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé nǹkan kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, nǹkan náà ṣeé fojú rí, ìwọ̀nba ló sì fẹ́ kí wọ́n dín in kù sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ sábà máa ń dùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà, títí dòní.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1899, àṣìṣe ńlá bẹ̀rẹ̀. Ní Vienna, dókítà Robert Gersuny yọ́ ìpara Vaseline, ó gún un sínú ara ọkùnrin kan tí àìsàn ti gba kórópọ̀n rẹ̀. Ó jọ pé ó ṣe dáadáa. Kíá làwọn ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí gún páráfínì, irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, sí imú, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, sí ọyàn obìnrin. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Abẹ́rẹ́ kan péré, kò sí abẹ, kò sí àpá, ẹni náà á sì rìn lọ sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n páráfínì kì í jókòó síbi tí wọ́n fi í sí. Ó ń rìn lábẹ́ awọ. Ara kọ̀ ọ́, ó di kókó líle, egbò ń yọ, awọ ń dúdú. Nígbà míì, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ìyà náà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ yọ ọ́, ó ti wọnú ẹran ara débi pé wọn ò lè yọ ọ́ láìgé ẹran gidi mọ́ ọn.

Obìnrin kan wà tí ìtàn rẹ̀ kò parẹ́. Gladys Deacon lorúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ọlọ́lá Yúróòpù ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri. Síbẹ̀ ó fẹ́ kí imú òun tọ́ tààrà láti iwájú orí wá sílẹ̀ bí ti ère àwọn ará Gíríìkì. Wọ́n gún páráfínì sí i nímú. Páráfínì náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbọ̀n, ó sì ba ojú rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì ńlá kan, Duke of Marlborough, ó sì pẹ́ láyé títí di 1977. Ojú yẹn náà ló gbé dé sàréè. Ẹwà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o! Ìfẹ́ pé kó pé láìkù síbì kan ló bà á jẹ́.

Nígbà tí mo sọ débí, mo bi obìnrin aláṣọ yẹn léèrè: "Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún fún ẹ lọ́jà, kí ló wà nínú rẹ̀?" Kò mọ̀. Ẹni tó fẹ́ gún un kò sọ fún un. Ó ti lé ní 100 ọdún táwọn dókítà ti rí ohun tí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Wọ́n ń tà á lónìí bíi pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lálá.

Ogun kọ́ wọn ní sùúrù

Ogun ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Dahomey nígbà náà, wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí Faransé kó lọ jà. Inú kòtò gígùn ni wọ́n ti ń jà. Ẹni tó bá yọ orí síta, ojú ni ọta ń bà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin padà délé láìní àgbọ̀n, láìní imú, láìní ètè.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Harold Gillies, ọmọ New Zealand, lọ wo bí Hippolyte Morestin ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Val-de-Grâce ní Paris. Ọmọ erékùṣù Martinique ni Morestin. Nígbà tí Gillies padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jà títí wọ́n fi ṣí ilé ìwòsàn pàtàkì kan fún iṣẹ́ yìí ní Sidcup, ní 1917. Àwọn ọmọ ogun tó lé ní 5,000 ni wọ́n tọ́jú níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sì lé ní 11,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe fún ẹnìkan. Wọn ò jẹ́ kí dígí wà ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n kun àwọn àga ojú ọ̀nà kan ní àwọ̀ búlúù, kí aráàlú tó bá rí ẹni tó jókòó síbẹ̀ ti mọ̀ pé ojú rẹ̀ fọ́, kí ẹ̀rù má bà wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, awakọ̀ òfuurufú ọ̀dọ́ kan wà tí iná jó gbogbo ojú rẹ̀. Gillies fẹ́ ràn án lọ́wọ́ gan-an. Ó gé awọ ńlá kan láti àyà rẹ̀, ó fi bo gbogbo ojú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Awọ náà kò mú, ó kẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì kú ní 1918. Gillies kò fi pamọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń fi sùúrù pín iṣẹ́ sí ìpele-ìpele: á ṣe díẹ̀, á dúró kí ara gbà á, á tún ṣe díẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ èyí náà: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ nínú ogun yẹn ló ń ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ lónìí. Ọmọ tí wọ́n bí tí ètè rẹ̀ là, ọmọ tí iná jó tí awọ ọrùn rẹ̀ fà mọ́ àyà, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè. Ìtọ́jú wà. Láti ìgbà tí ọmọ bá pé oṣù mélòó kan ni wọ́n ti lè rán ètè tó là. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ìwòsàn Mercy Ships wà ní Kútọnu láti 2016 sí 2017, irú iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí wọ́n ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà lágbègbè yín, ẹ má fi í pamọ́ sínú yàrá. Ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn.

Obìnrin dókítà kan ní Paris, àti ẹsẹ̀ obìnrin kan

Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ abẹ ẹwà gbilẹ̀ ní Paris. Suzanne Noël, tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Morestin, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ yìí. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1926. Kì í ṣe àwọn olówó nìkan ló ń wá bá a. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ jẹun ń wá, àwọn tí ẹ̀rù ń bà pé ọ̀gá wọn á lé wọn torí pé ojú wọn ti ń hunjọ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gé kúrò, létí irun, níbi tí irun á bo àpá mọ́lẹ̀. Obìnrin náà á padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní, "O mà sinmi dáadáa o." Wọn ò ní mọ̀ pé ẹnìkan fọwọ́ kàn án. Bí iṣẹ́ tó dára ṣe máa ń rí nìyẹn. Ara ẹni ló ṣì máa ń jọ.

Ṣùgbọ́n ní Paris kan náà, ní 1928, obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ aṣọ lọ bá dókítà olókìkí kan. Síkẹ́ẹ̀tì kúkúrú ló wọ́pọ̀ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tóbi lójú ara rẹ̀. Ó ní kí dókítà dín in kù. Dókítà gé ọ̀rá àti ẹran kúrò nínú ẹsẹ̀ kan, kò sì ku awọ tó tó láti fi pa egbò dé. Ẹsẹ̀ náà kú. Wọ́n gé e. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Ní 1929, adájọ́ ní kí dókítà san 200,000 fráǹkì. Nígbà tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú, ní 1931, ilé ẹjọ́ àgbà kò ní iṣẹ́ abẹ ẹwà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n dì mọ́ dókítà lọ́rùn ni pé kò sọ ewu tó wà níbẹ̀ fún obìnrin náà dáadáa kó tó gbé abẹ.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀tọ́ tí obìnrin yẹn fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rà fún gbogbo wa nìyẹn. Dókítà gbọ́dọ̀ sọ ewu fún ọ. Ẹni tó bá ní kò séwu rárá, ẹ dìde, ẹ gbé báàgì yín, ẹ máa lọ sílé.

Ọ̀rá, ìdí àti ọyàn

Ní 1977, dókítà Yves-Gérard Illouz ní Paris fẹ́ yọ kókó ọ̀rá kan kúrò lẹ́yìn obìnrin kan láìfi àpá ńlá sílẹ̀. Ó ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé láti ojú ihò kékeré, ó fa ọ̀rá náà jáde. Láti ibẹ̀ ni fífa ọ̀rá ti tàn káàkiri ayé. Ẹ gbọ́ o: kì í ṣe oògùn sísanra. Ọ̀rá tó jókòó síbì kan, tí oúnjẹ àti ìrìn kò lè yọ, lòun wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ fi í dín ìwọ̀n ara kù, ìjákulẹ̀ ló ń rà.

Ewu sì wà níbẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ìròyìn Stella Obasanjo, ìyàwó ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, tó kú ní Spain lóṣù kẹwàá 2005 lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Kì í ṣe tálákà, kì í ṣe ẹni tí kò lè rí dókítà. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ náà dá dókítà tó ṣe é lẹ́bi lẹ́yìn náà. Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣe òkú yẹ̀yẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo sọ ọ́ ká lè mọ̀ pé owó nìkan kì í dá ewu dúró.

Ti ọyàn ńkọ́? Ní 1962, ní Houston ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́kọ́ fi àpò sílíkónì sí ọyàn obìnrin kan. Ó ti ran ọ̀pọ̀ obìnrin tí jẹjẹrẹ gba ọyàn wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó máa bá èèyàn dalẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ní 2010, ìjọba Faransé rí i pé ilé iṣẹ́ PIP ń fi sílíkónì tí kò yẹ fún ara ènìyàn ṣe tiwọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 60 ló ti gbé e sára. Ilé ẹjọ́ rán ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní 2013.

Brazil, ilẹ̀ táwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá, lorúkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ abẹ ìdí. Wọ́n á fa ọ̀rá níkùn, wọ́n á gún un sí ìdí. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ lágbàáyé kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn: wọ́n fojú bù ú pé ó lè tó ẹnìkan nínú 3,000 tó ń kú níbẹ̀. Ọ̀rá tó bá bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà nínú ẹran ìdí máa ń gba ọkàn lọ di ẹ̀dọ̀fóró. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ dókítà tó kọ́ṣẹ́, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù?

Ohun tí abẹ kò lè dé

Dókítà kan tún wà ní New York, Maxwell Maltz. Ọ̀pọ̀ ojú ló tún ṣe. Ó wá ṣàkíyèsí pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn yọrí dáadáa, tí wọ́n á wo dígí, tí wọ́n á ní kò sí ohun tó yí padà. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1960. Ohun tó ń dun àwọn yẹn kò sí nínú imú wọn. Inú ọkàn ló wà, abẹ kò sì dé ibẹ̀.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é torí kí ọkọ má bàa fẹ́ ìyàwó míì, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Abẹ kì í di ọkọ mú. Ẹni tó bá gbé fọ́tò olórin wá, kó mọ̀ pé ìná fọ́tò àti kọ̀ǹpútà ti tún fọ́tò yẹn ṣe. Egungun ìbàdí rẹ kì í ṣe egungun ìbàdí ti olórin. Ìwọ̀n tó bá egungun rẹ mu ló máa dà bí ẹni pé Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Bó bá ti kọjá ìyẹn, gbogbo ènìyàn á mọ̀.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ mú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dání. Ẹ bi í pé: ṣé dókítà oníṣẹ́ abẹ ni, níbo ló ti kọ́ṣẹ́? Ta ló máa kùn mí lóorun, kí sì ni wọ́n máa ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá dà jù? Níbo ni àpá máa wà, báwo ló sì ṣe máa gùn tó? Iṣẹ́ abẹ tó ń dín awọ ikùn kù lẹ́yìn ìbímọ, àpá rẹ̀ lè gba gbogbo ìsàlẹ̀ ikùn láti ìbàdí dé ìbàdí. Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú, tí ihò yẹtí rẹ̀ ti di kókó rí, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí fòníkú-fọ̀la-dìde, ẹni tó ń mu sìgá, kó sọ ọ́. Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ, kó dúró. Oyún á tún na ohun tí wọ́n rán. Kí ẹ sì mọ̀ pé ara á wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó lè tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kẹ́ẹ tó rí bó ṣe máa rí gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Irọ́ ni.

Ẹni tó bá ti gún abẹ́rẹ́ ọjà tẹ́lẹ̀, tí ibẹ̀ ń le, tó ń gbóná, tó ń pọ́n, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já geere mọ́, kó má tijú. Kó wá sí ilé ìwòsàn lónìí, kó má dúró dọ̀la.

Obìnrin aláṣọ yẹn ńkọ́? Kò lọ gún abẹ́rẹ́. Ó lọ rí dókítà, wọ́n yẹ ikùn rẹ̀ wò, wọ́n ní iṣan ikùn rẹ̀ ló ti yà sọ́tọ̀ látàrí oyún mẹ́rin, wọ́n sì kọ́ ọ ní eré ìdárayá tó máa kọ́kọ́ ṣe. Ó kọjá lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ikùn náà ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, kò tíì mọ̀ bóyá òun máa ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kan. Owó àjọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó fi díẹ̀ ra aṣọ tuntun sí ìsọ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹni tó bá fẹ́ tún ara ṣe, kó tún un ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ẹ béèrè kí wọ́n tó gé.